Lowell Méjì ní Ìlú Pembry

"Fà á jẹ́jẹ́, Wren. Òwú yìí kì í fẹ́ oníwàdùwàdù."

Ọ̀gbẹ́ni Haddix, olùkọ́ kẹ́mísírì, ló sọ bẹ́ẹ̀. Oríṣi omi oògùn méjì tí kì í pò mọ́ra ló wà nínú ife gíláàsì iwájú Wren Tarrant, ọ̀kan léfòó lórí èkejì. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dì síbẹ̀. Wren fi ẹ̀mú kékeré mú awọ náà láàárín, ó gbé e sókè, òwú funfun sì ń tẹ̀lé e bí okùn aláǹtakùn. Ó ń ká a mọ́ igi róbótó kan. Lójijì, òwú já.

Corinne, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣẹ́jú sí i láti ẹ̀yìn. "Ọmọ ọmọ olówùú, òwú tún ti já mọ́ ọ lọ́wọ́."

Àwọn tó mọ ohun tó ń sọ rẹ́rìn-ín. Wren náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kò tíì balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Lowell Tarrant méjì ló ti gbé ní Pembry rí, wọn kò sì bá ara wọn tan. Ọ̀kan ló hùmọ̀ òwú àtọwọ́dá tí ilé iṣẹ́ ìlú náà fi ń ṣe okùn ọkọ̀ ojú omi àti ìbọ̀sẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Èkejì ni dókítà tó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Lowell Olówùú àti Lowell Dókítà ni ará ìlú ń pè wọ́n, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe má baà lọ kanlẹ̀kùn olówùú. Dókítà ni bàbá bàbá Wren. Ìgbà òtútù tó kọjá ló kú.

Àlejò ni Haddix nílùú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pe orúkọ Wren ní kíláàsì, ó béèrè pé, "Ṣé ìwọ àti Lowell Tarrant tan?"

"Bàbá bàbá mi ni, sà."

Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú olùkọ́ náà tàn, tó ní, "Ẹ̀jẹ̀ olówùú gan-an wà ní kíláàsì mi," Wren mọ̀ pé Lowell Olówùú ni olùkọ́ náà ní lọ́kàn. Ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ náà wá dàgbà. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Òwú, ọmọ ọmọ ẹnìkan tó sin ilé iṣẹ́ náà dáadáa ló máa ń fa òwú àkọ́kọ́ lójú gbogbo ìlú. Ẹni tí wọ́n bá yàn yóò ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ náà nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Láti kékeré ni Wren ti ń fẹ́ wọ yàrá yẹn. Lọ́dún yìí, Haddix ló ń yan ẹni náà, Wren ló sì yàn.

"Mo fẹ́ lọ sọ fún un," ó wí fún Corinne.

"Kí lo fẹ́ sọ? Ó bi ọ́, o dá a lóhùn. Àbí ìwọ lo sọ ọkùnrin méjì lórúkọ kan náà?"

Nígbà tó délé, Màmá Àgbà, ìyàwó dókítà, ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù iṣẹ́ funfun ọkọ rẹ̀. Ọbẹ̀ adìẹ ń hó lórí iná, kò bojú wò ó.

"Mo ti gbọ́," ó wí. "Wọ́n rántí Lowell mi. Mo ti rò pé wọ́n ti gbàgbé rẹ̀."

Wren wo orúkọ tí wọ́n rán sára àpò kóòtù náà. "Màmá Àgbà, ẹ má wulẹ̀ mú kóòtù yẹn lọ. Ooru máa mú yín."

"Ta ní fẹ́ wọ̀ ọ́? Mo fẹ́ gbé e lé itan ni."

Nígbà tí Ọjọ́ Òwú dé, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Màmá Àgbà jókòó níwájú, ó tẹ́ kóòtù náà sórí itan rẹ̀, ó sì yí orúkọ tí wọ́n rán sára àpò rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Wren fi ẹ̀mú mú òwú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òwú náà kò já. Ó ń ká a, ó ń gùn sí i.

Nígbà náà ni Haddix gbóhùn sókè: "Ẹ wò ó, ọmọ ọmọ ẹni tó hùmọ̀ òwú yìí ló ń fà á."

Wren bojú wo iwájú. Màmá Àgbà rọra ń ká kóòtù náà, apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì, títí orúkọ náà fi wọnú lọ pátápátá.

Wren fi ẹ̀mú lélẹ̀. Òwú náà rọ̀ padà sínú ife.

"Ẹ jọ̀ọ́, olówùú kọ́ ni bàbá bàbá mi," ó wí. "Lowell Dókítà ni. Mo mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Haddix ṣì mí mú. Mo dákẹ́ nítorí pé mo fẹ́ àyè yẹn."

Arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ náà wúkọ́. "A kúkú mọ̀, ọmọ mi. À ń wò ó bóyá wàá sọ ọ́ ni."

Wọ́n fún ẹlòmíràn ní àyè náà. Ìyẹn kò dun Wren tó ohun tí Haddix sọ lẹ́yìn ètò: "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Dókítà náà sin ilé iṣẹ́ yẹn. Ǹ bá yàn ọ́ nítorí tirẹ̀."

Nínú ọkọ̀, Màmá Àgbà ń wakọ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́. "Inú ń bí mi sí ọ," ó wí. Nígbà tí wọ́n kọjá afárá, ó fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n o pe orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo gbọ́ ọ."

Wren mú kóòtù náà láti orí àga ẹ̀yìn, ó tú u, ó sì yí orúkọ náà síta.

Òtítọ́ tí a sọ ní àbọ̀, odindi irọ́ ni. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, yóò ṣoni. Rẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi Wren bóyá òun àti Lowell Tarrant tan, kì í jẹ́ kí onítọ̀hún béèrè pé Lowell wo.

"Lowell Dókítà," ni yóò wí.