Ijó Dúdúyẹmí

Lọ́jọ́ tí Dúrójayé jẹ Ọ̀dọ̀fin ìlú Òkè-Àbùsọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Ùsì lọ sí Ìdó, kò sẹ́ni tó lọ oko. Ó ku ọdún méjì kí òyìnbó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kòkó ti so dáadáa, òrùlé páànù ń lé koríko sẹ́yìn, àwọn obìnrin sì ti ní àrán tí wọ́n ń yọ nínú àpótí. Àrán pupa náà ni wọ́n tẹ́ sórí gàárì. Dúrójayé wọ agbádá sányán tó wúwo bí ẹrù àgbàdo tútù, ó gun Dúdúyẹmí, ẹṣin dúdú tó ní àmì funfun níwájú orí. Gbogbo ojú tó ń wò ó, ọlọ́lá ni wọ́n rí. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìbílọlá, pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ kan, ló mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹṣin.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ní ìlú yẹn, Ọba kì í fi ewé akòko lé Ọ̀dọ̀fin lórí bí ẹṣin rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ jó níwájú ààfin. Bí ẹṣin bá dúró gbagidi bí òpó, wọ́n á ní àwọn baba ńlá kò gbà á, oyè á sì kọjá sí ilé kejì. Ilé kejì sì ni ti Bánkọ́lé, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn.

"Dúrójayé," ni Bánkọ́lé máa ń pè láti ojú ọ̀nà, "ṣé ẹṣin rẹ ti mọ ujó, àbí kí n wá kọ́ ọ? Ulé wa kò jìnnà!"

Dúdúyẹmí mọ ijó o. Ìgbà tó bá wù ú nìkan ló ń jó. Láàárọ̀, bí Ìbílọlá bá ń gbálẹ̀ àgbàlá tó sì ń kọ orin ìjọ lábẹ́ ọ̀fun, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń la odò kọjá. Okùn rírọ̀ ni ìjánu rẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin ará Ìlọrin tó tà á fún wọn ti wí pé, "Ẹ fi sùúrù kọ́ ọ. Tó bá yá, ìka kan lẹ ó máa fi darí rẹ̀." Ṣùgbọ́n oyè kì í dúró de sùúrù. Bí Dúrójayé bá ti gorí gàárì tó ní kó jó, ẹṣin á kàn dúró, á máa fi etí lé eṣinṣin.

Ni ó bá gba ọ̀dọ̀ Adétúnjí alágbẹ̀dẹ lọ.

"Mo fẹ́ ìjánu tí kò ní jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Adétúnjí rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ̀fin ọ̀la, ṣé ti ẹṣin ni, àbí ti ìyàwó?"

Ó rọ ọ́ fún un: irin tó ní ṣóńṣó láàárín, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fa okùn, yóò gún ẹṣin ní ahọ́n àti àjà ẹnu.

Ìbílọlá gba irin náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ṣóńṣó rẹ̀, ó sì yára gbé ọwọ́ kúrò.

"Bàbá Bísí, ẹ fi sẹ́nu yín wò ná."

"Ṣé èmi ni ẹṣin ni?"

"Rárá o. Ẹṣin kò lè sọ pé ó dun òun. Ẹ̀yin lè sọ ọ́."

"Ọjọ́ kan péré ni, Ìyá Bísí."

"Ahọ́n kan péré náà ló ní."

Dúrójayé mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó ki irin náà bọ àpò bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò, ó sì jáde.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé iwájú ààfin lọ́jọ́ oyè. Fèrè dún. Dúrójayé fa okùn. Dúdúyẹmí ju orí sókè, ó ká ọrùn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú, ó sọ ọ́, ó tún gbé e, ìfófò ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ó ń kí Kábíyèsí!"

Àwọn obìnrin bú sórin. Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ ṣí fìlà. Dúrójayé ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì ẹranko náà láti inú okùn wá sí ìka ọwọ́ rẹ̀. Bó bá dẹ okùn, ó parí. Àmọ́ ẹnìkan ké pé, "Lẹ́ẹ̀kan sí i!" Ó sì tún fà á.

Àṣà ni pé kí Ọba sọ̀kalẹ̀ wá fọwọ́ kan ẹnu ẹṣin tó jó. Kábíyèsí, arúgbó tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Pupa ni. Ó wo Dúrójayé tó ti bọ́ sílẹ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀dọ̀fin," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń tu ọmọ nínú lọ, "o káre."

Kò nu ọwọ́. Ọwọ́ yẹn náà ló fi mú ewé akòko, ó sì fi í sára fìlà funfun Dúrójayé. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan. Igbe ayọ̀ ni wọ́n ń ké. Dúrójayé kò lè gbé orí sókè. Àwọn èèyàn ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìbílọlá yọ irin náà. Ahọ́n ti ya. Ó fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án, ó po ògì ṣíṣàn fún un, nítorí kò lè jẹ koríko. Dúrójayé mú àwo lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a fún un. Ẹṣin fà sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ lọ," ni Ìbílọlá wí.

"Màá ju irin yìí sínú odò."

"Ẹ má jù ú. Ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ojú yín á ti máa rí i."

Ó gbé e kọ́. Àwọn àlejò á wọlé, wọ́n á tọ́ka sí i: "Ṣé èyí ni ìjánu ọjọ́ ijó yẹn? Ẹ kú oríire!" Dúrójayé á wí pé, "Ẹ ṣeun," ẹ̀kọ inú àwo rẹ̀ á sì dà bí iyanrìn lẹ́nu. Egbò ahọ́n jinná nígbà tó yá. Bí irin bá dún lára irin níbikíbi, bí ọmọ bá kọsẹ̀ lára garawa, ẹṣin á máa gbọ̀n.

Wọ́n wá gba òmìnira. Àwọn àgbà ìlú ránṣẹ́ pé kí Dúdúyẹmí wá jó ní pápá ilé ìwé.

"Kò lè jó," ni Ọ̀dọ̀fin wí.

Bánkọ́lé fò dìde. "Ta ló tàn ọ́? Gbogbo ulú ló rí i lọ́jọ́sí!"

"Kì í ṣe ujó lẹ rí. Ìrora ni. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu."

Bánkọ́lé jókòó. Ọ̀dọ̀fin fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ àgbà dìde láàárín àsíá, ó ké pé, "Lónìí, a ti yọ ìjánu òyìnbó kúrò lẹ́nu wa!" Ariwo gba ibẹ̀ kan. Dúrójayé nìkan ló ń wo bàtà ara rẹ̀.

Kò dúró jẹun. Nígbà tó délé, Ìbílọlá ń gbálẹ̀ àgbàlá, orin ìjọ sì wà lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lẹ́nu Dúdúyẹmí. Ó na etí sí orin, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni fẹ́ la odò kọjá.

Ó yíjú, ó rí Dúrójayé lẹ́nu ọ̀nà.

Ó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.