Èrò Inú Rélùwéè Alsfeld

Ohùn obìnrin náà ni Nosiru kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ojú rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ní ilé ìkàwé ìjọba tó wà láàárín ìgboro Dublin. Òjò ń ta sára fèrèsé. Lẹ́yìn pẹpẹ ìwé kan, ẹnì kan ń ka wákàtí jẹ́ẹ́jẹ́ ní èdè Yorùbá.

“Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, Fulda. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, Alsfeld.”

Nosiru yọjú. Ìwé ńlá tí wọ́n to àkókò rélùwéè gbogbo Yúróòpù sí ni obìnrin náà ṣí síwájú. Ìwé yẹn gan-an ni òun náà wá wò, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté Dublin ni láti ṣètò bí ẹrù yóò ṣe kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn láìsí ìdádúró. Ó wo ìlà tí obìnrin náà fi ìka lé, kò sì lè pa á mọ́ra.

“Ẹ má bínú o. Ọkọ̀ tí ẹ ń wò yẹn, ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ ọdún nìkan ló ń rìn. Àgbélébùú kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Obìnrin náà gbé ojú sókè. “Háà! Èmi rò pé ọkọ̀ tí ènìyàn kú sínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí.”

Nosiru rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Munirat ni orúkọ rẹ̀. Ó ń to tòmátò sínú páálí ní oko kan ní Rush, létí òkun, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ruqoyyah, ló sì ń gbé. Ó ní òun fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Jámánì, níbi tí àbúrò bàbá òun ń gbé.

“Ní èbúté,” Nosiru wí, “àwa kì í ṣètò ìrìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òpin la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa kà á padà sẹ́yìn. Ẹ sọ fún mi, aago mélòó lẹ fẹ́ dé ibi tí ẹ ń lọ?”

Munirat fi àtàǹpàkò pa ìlà tó wà nínú ìwé náà, bí ẹni ń nu eruku.

“Mi ò lọ síbì kankan,” ó dáhùn. “Rélùwéè yẹn gan-an ni mò ń lọ. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ láti Fulda dé Alsfeld, kí n tún wọ̀ ọ́ padà sí Fulda, kí n tún wọ̀ ọ́ lọ.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí n ó fi rí ẹni tí mò ń wá.”

Nosiru jẹ́ ẹni tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìwo ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó padà wá, ó sì bá Munirat lórí àga kan náà. Wọ́n ṣí ìwé náà. Wọ́n wá bí ènìyàn ṣe lè fi ọkọ̀ òfuurufú dé Frankfurt, kí ó wọ rélùwéè dé Fulda, kí ó sì ní ìṣẹ́jú méjìlá láti sáré bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí Alsfeld. Nosiru ní ìṣẹ́jú méjìlá ti kéré jù. Munirat ní ẹsẹ̀ òun yá. Kí Sátidé mẹ́rin tó pé, Nosiru ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ni òun ń wá wò mọ́. Ìfẹ́ Munirat ti wọ̀ ọ́ lára.

Ní Sátidé kẹrin náà, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Dún Laoghaire, wọ́n sì ń rìn lórí ògiri gígùn tó na apá sínú òkun. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ìbòrí Munirat sẹ́yìn. Nosiru dúró.

“Munirat, n ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Mo fẹ́ fi yín ṣe aya. Ṣùgbọ́n mo ti bá yín kọ ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ, ẹ kò sì tíì béèrè lọ́wọ́ mi rárá pé èwo ni yóò gbé yín bọ̀.”

Munirat kọjú sí òkun, ó sì sọ ìtàn rẹ̀.

Waris ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọjọ́ ìgbéyàwó ló kù. Ní ọdún 1996, mọ́tò tí Waris wọ̀ láti Ìṣẹ́yìn dojú dé. Nítorí pé Mùsùlùmí ni, wọ́n sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Èkó ni Munirat wà. Ìgbà tí ó fi máa dé ní ọjọ́ kejì, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n fi hàn án. Kò fojú kan òkú.

“Nínú àwẹ̀ tó kọjá, Bàbá Jámánì pè wá lórí fóònù,” ó wí. Orúkọ tí wọ́n ń pe Alájì Mùtàlíbù, àbúrò bàbá rẹ̀, nìyẹn. “Alsfeld ni wọ́n ń gbé, Fulda ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, ‘Munirat, ẹni tí mo rí nínú rélùwéè lónìí, bí mo bá sọ ọ́, wàá ní mo ti ń ṣarán.’ Waris ni wọ́n rí. Wọ́n rí àpá abẹ́ etí rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún wọn bí ẹni bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. Wọ́n kò pe orúkọ rẹ̀.”

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò béèrè ìdí tí àgbàlagbà náà kò fi pe orúkọ. Àkúdàáyà lè gbé láàárín àjèjì kí ó ṣòwò, kí ó kọ́lé, kí ó bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá pe orúkọ rẹ̀ ni ibẹ̀ tú, a kò ní rí i mọ́.

Nosiru fi ọwọ́ sẹ́yìn. “Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé ó sá fún yín ni, kò sì yẹ ní ẹni tí à ń wá kiri. Bí ó bá kú, kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún un?”

“Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rò, Brọ̀dá Nosiru. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé n kò dágbére fún un. Ẹni tí kò dágbére, ṣé ó lè fẹ́ ẹlòmíràn?”

Nosiru mọ bí ènìyàn ṣe ń bá ọkùnrin tó wà láyé du obìnrin. Irú èyí, kò kọ́ ọ níbì kankan. Síbẹ̀, kí ó tó sùn lọ́jọ́ náà, ó parí ètò ìrìn Munirat sórí ìwé kan. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni yóò gbéra. Ó kọ ti àbọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó sì fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn náà, Ruqoyyah pe Nosiru wá jẹun ní Rush. Físà Munirat ti jáde. Ẹ̀gbọ́n bu ìrẹsì síwájú àlejò, ó sì kọjú sí àbúrò rẹ̀.

“Ọkùnrin tó ń mí ló jókòó síwájú rẹ yìí, tó ń jẹ ẹran, tó ń san owó ilé. Ìwọ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá èyí tó ti gba ilé rẹ̀ lọ́run!”

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Nosiru, ẹ fi ata sí i, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo wa la ti dà bí òkú nínú ilé yìí nítorí Waris.”

Fóònù dún. Ruqoyyah tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Bàbá Jámánì ni, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

“Ṣé Munirat wà níbẹ̀? Mo tún rí i ní àná. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó mú bébà kan dání, ó ń kọ nǹkan sí i, mo sì yọjú wò ó. Ètò ìrìn àjò ni. Ní èdè Yorùbá.”

“Ìrìn àjò sí ibo, Bàbá?” Munirat béèrè.

“Òpin ló fi bẹ̀rẹ̀. Dublin ló wà lókè pátápátá: aago méjìlá ọ̀sán, Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá. Ó kọ Holyhead, èbúté tó wà ní òdìkejì òkun, sábẹ́ rẹ̀. Ó ń kà á bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí dé Alsfeld. Èmi kò rí ẹni tó ń ṣètò ìrìn báyìí rí.”

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Nosiru. Nínú ilé náà, àwọn méjì péré ló mọ ẹni tó ń ṣètò ìrìn báyìí.

“Ó ń bọ̀ ní ọjọ́ tí mò ń lọ,” Munirat wí. “A ó kọjá ara wa lójú ọ̀nà. Bí mo bá sì lọ ṣáájú, tí mo rí i, màá pe orúkọ rẹ̀. Mo mọ ara mi, n ò ní lè mú un mọ́ra. Nígbà náà, èmi ni n ó pa á lẹ́ẹ̀kejì. N ò lọ mọ́.”

“Alihamdulilahi!” Ruqoyyah pariwo. “Bí òun bá wá dé ńkọ́?”

“Màá lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté.” Ó yíjú sí Nosiru. “Ṣé ẹ lè dúró tì mí? Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Màá dúró tì yín,” ó dáhùn, ẹ̀rù sì ń ba òun náà.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n kò mú ooru wá. Ọkọ̀ ojú omi láti Holyhead gúnlẹ̀ ní aago méjìlá kú ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti ẹnu ọ̀nà onígíláàsì tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá dé iwájú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jáde tòun ti ajá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde tariwotariwo. Ọkọ àti aya kan jáde, wọ́n ń bínú síra wọn. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹnì kankan mọ́. Òṣìṣẹ́ kan ní gbogbo èrò ti tán.

Ìgbà náà ni gíláàsì náà ṣí.

Kò sí ẹni tó jáde. Ilẹ̀kùn náà kò sì padé. Ó wà ní ṣíṣí, bí ìgbà tí ènìyàn dúró sí àárín rẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun padà. Òórùn kan fẹ́ kọjá, bí òórùn iyẹ̀pẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, irú èyí tí Nosiru kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí ó ti dé Ireland.

Ó wo Munirat. Ẹnu rẹ̀ ti là. Nosiru rí orúkọ náà lórí ètè rẹ̀. Ìtìjú bá a nígbà tí ó mọ̀ pé apá kan nínú ọkàn òun ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pè é, kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lè parí títí láé. Ó sì mọ̀ pé òun kò ní lè fẹ́ obìnrin náà ní àlàáfíà bí ó bá ṣe é. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí omi.

“Má pè é, Munirat,” ó wí jẹ́ẹ́. “Jẹ́ kó máa gbé.”

Munirat pa ẹnu dé. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì sókè díẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. “Ó dàbọ̀,” ó wí. Kò fi orúkọ kún un.

Ilẹ̀kùn gíláàsì náà padé.

“Àkànní,” ó wí fún Nosiru. Kò pè é ní oríkì rí. “Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí kan ní Dublin. Bàbá Jámánì ló wá fi Munirat fún ọkọ rẹ̀, níwọ̀n bí bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Nígbà tí àdúrà parí, ó pe tọkọtaya náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Mo rí i nínú rélùwéè lánàá, nígbà tí mò ń bọ̀,” ó wí. “Ó kí mi, ó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò béèrè ọmọ wo. Ó ní kí Ọlọ́run fi èso sí i. Kò mú bébà kankan dání lọ́tẹ̀ yìí. Àpò oúnjẹ ló gbé lé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń retí nílé. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Lauterbach, ìlú kan tí a ń kọjá kí a tó dé Fulda.”

Nosiru wo aya rẹ̀. Munirat kò yí ojú kúrò lára àgbàlagbà náà.

“Báwo ló ṣe rí, Bàbá?”

Bàbá Jámánì rò ó díẹ̀.

“Ó ti sanra díẹ̀,” ó wí.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Munirat, ẹkún sì bá a jáde. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó di ọwọ́ Nosiru mú, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ bu oúnjẹ fún àwọn àlejò.