Ohun Tí Busaw Kọ Sínú Ìwé Àbúrò Rẹ̀

Meeju kò jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan orí òun. Bí Dókítà Orawan bá ti na ọwọ́ báyìí, ọmọ náà á ti kó ojú sí ọrùn ìyá rẹ̀, á sì di aṣọ ìyá mú pinpin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lágbára tó láti gbé e rìn jìnnà.

Dókítà náà kò fipá mú un. Ó jókòó sórí ẹní níwájú wọn, ó wá kọjú sí Busaw tó dúró ti ògiri nínú yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Àbúrò mi, bá mi bi màmá. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí orí ọmọ yìí fọ̀ nílé?"

Busaw túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Akha, èdè àwọn ènìyàn wọn lórí òkè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìlú yìí, nísàlẹ̀ òkè tí ilé wọn wà, ló ti ń kàwé, ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, òun sì ni ògbufọ̀ ìyá rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí ìyá bá gbé Meeju sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Ìyá náà kò gbọ́ èdè Thai kọjá kí ó kí ènìyàn, kò sì mọ̀wé.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Sọ fún dókítà pé orí tèmi ni mo kọ́kọ́ máa ń bu omi sí. Tó bá ti rí i pé omi ò pa mí, á na orí tiẹ̀ wá."

Nígbà tí Busaw sọ ọ́, dókítà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó fi irinṣẹ́ tó fi ń gbọ́ àyà sí àyà ara rẹ̀, ó fi sí ti ìyá, ó fi sí ti Busaw. Meeju yọjú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ na àyà síta.

Lẹ́yìn náà ni dókítà ṣí páálí kan, ó mú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú rẹ̀. Àwòrán àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn ìwé náà, ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ, òmíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ létí.

"Wọ́n ṣe é kí ó lè ran àwa dókítà ọmọdé lọ́wọ́," ó ní. "Àìsàn ni wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì, wọn ò kọ́ mi ní Meeju. Màmá ló mọ Meeju. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ ni kí o kọ síbí: ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bó ṣe ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibì kan ń ro òun. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbí, dókítà tó bá wà níbẹ̀ á kà á kó tó fọwọ́ kan ọmọ."

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí," ó ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, Busaw gun òkè lọ sílé. Ìyá ń ṣa kọfí lórí àtẹ, Meeju jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò dúró mí. Ó sọ bí Meeju ṣe máa ń pa ojú dé tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, tí á máa rẹ́rìn-ín. Ó sọ pé tí ènìyàn bá gbá a lórí mú láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rù á bà á títí di ọjọ́ kejì.

"Má gbàgbé ti èjìká o," ìyá ní. "Tí ibì kan bá ń ro ó, kì í sunkún. Á kàn dákẹ́ ni, á wá máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu èjìká bí ológbò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé eré ló ń ṣe."

"Mo gbọ́, Ama," ni Busaw dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

"O ò kọ ọ́ sílẹ̀."

"Màá kọ ọ́ tí mo bá dé ilé ìwé. Tábìlì wà níbẹ̀."

Tábìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kaew náà wà níbẹ̀. Kaew ló ni ibùsùn tó kángun sí ti Busaw, ọmọ ìlú ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì ni gbogbo yàrá máa ń tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ tí Busaw ti dé ilé ibùgbé yẹn ló ti sọ fún wọn pé òun nìkan ni àwọn òbí òun bí. Ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà ni, lẹ́yìn tí ó gbọ́ bí Kaew ṣe ń sín ìrìn obìnrin arọ kan jẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá di ohun tí kò rí kó padà mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bó ṣe ṣí ìwé náà sórí tábìlì ni Kaew na ọwọ́ gbà á. Fọ́tò Meeju wà lójú ewé àkọ́kọ́.

"Ta ni èyí tó yanu sílẹ̀ yìí?"

Busaw dáhùn kíákíá: "Ọmọ aládùúgbò wa kan ni. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀wé, ó ní kí n bá òun kọ ọ́."

"Ìwọ mà láàánú o. Tèmi bá ni, mi ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ibùsùn mi, kó má lọ ràn mí."

Àwọn ọmọbìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Busaw náà rẹ́rìn-ín.

Kaew kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ohun tí ó ń kọ. Busaw kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé òun mọ ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìwé ti bèèrè bí ọmọ ṣe ń fi hàn pé ibì kan ń ro òun, ó kọ "Ó máa ń sunkún." Níbi tí ó ti bèèrè àwọn àmì mìíràn, ó kọ "Kò sí." Ohun tó ń bà á lẹ́rù, "Kò sí." Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n fi àyè ńlá sílẹ̀ fún ìdílé láti sọ ohun tó bá wà lọ́kàn wọn, ó kọ "Ọmọ dáadáa ni." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi parí rẹ̀.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á tún un kọ tí àyè bá wà. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá ṣí ìwé náà, ó rí yíǹkì nínú gbogbo ojú ewé, inú rẹ̀ dùn. Ó fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà bà á jẹ́, ó sì kì í sínú àpò tó fi ń gbé Meeju. Ìdánwò dé. Busaw gbàgbé.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, nínú àkókò òjò, tí Meeju kọ oúnjẹ. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ìyá gbé e wọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ránṣẹ́ pe Busaw. Ó mọ̀ pé ọmọ òun wà nínú kíláàsì, ìwé sì wà lọ́wọ́ òun.

Dókítà Orawan ti rin ìrìn àjò. Dókítà Thanat ni ìyá bá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó dé láti Bangkok. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Akha lọ́jọ́ náà. Ìyá fa ìwé yọ, dókítà sì jókòó, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo Meeju. Ọmọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu èjìká. Kò sunkún rárá. Nígbà tí dókítà fẹ́ wo inú etí rẹ̀, ó kó ojú pamọ́, dókítà sì rò pé ìtìjú ni, ó fi í sílẹ̀. Ìyá ń sọ̀rọ̀, ó ń na ìka sí èjìká ọmọ, ó ń na ìka sí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ Thai méjì péré ló rí mú jáde: "Nínú ìwé."

"Mo ti kà á, màmá," ni dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. Ó fún wọn ní oògùn ibà, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yìn etí òsì Meeju wú tó bẹ́ẹ̀ tí etí náà fi yọ síwájú. Bàbá wọn ló gbé e pọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú Chiang Rai, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà, nítorí ọyún inú etí ti wọ egungun.

Nígbà tí Busaw dé ibẹ̀, ó bá Dókítà Thanat, tó bá wọn wọ ọkọ̀ wá, níta yàrá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀.

"Èmi ni kò wo etí rẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ẹ̀bi mi ni ìyẹn, mi ò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Akha níbí sọ fún mi pé màmá ń sọ pé tó bá ti ń nu èjìká, ìrora ni. Mo rí i tó ń ṣe é. Mo wá a nínú ìwé, mi ò rí i. Ṣé wọn ò sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ọ́ ni?"

"Wọ́n sọ ọ́," ni Busaw fèsì. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ dókítà.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ìyá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí Meeju sùn sí, pẹ̀lú báńdéèjì lórí, ó sì ka ohun tó kọ fún ìyá rẹ̀ létí, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ó tún sọ ti Kaew, ti ọmọ aládùúgbò, ti ẹ̀rín. Ìyá kò pariwo.

"Mo rò pé gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀," ó ní. "Mo ń na ìka sí i fún dókítà. Ojú ẹ ni mo fi ń kàwé, Busaw. Mi ò ní òmíràn."

"Ama, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Àmọ́ má tíì bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

Meeju yè é, ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Dókítà Orawan mú ìwé tuntun wá fún wọn. Ìyá ń sọ, Busaw ń kọ lójú ẹsẹ̀, ó ń kà á padà, ìyá sì ń tún un ṣe. Ọ̀sán méjì ni wọ́n fi ṣe é. Dókítà Thanat náà jókòó tì wọ́n, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ Akha kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ń pe Meeju dúró sápá ọ̀tún rẹ̀. Ìyẹn ì bá má sí níbẹ̀, ká ní Busaw kọ ti àkọ́kọ́ dáadáa.

Nígbà tí Busaw padà sí ilé ibùgbé, ó sọ fún Kaew pé àbúrò òun ni. Kaew wolẹ̀.

"Ká ní o sọ fún mi ni, mi ò bá tí rẹ́rìn-ín," ó ní.

Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Busaw kò lè mọ̀ mọ́ láé. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀rín yàrá kan, tí ì bá ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ni òun sá fún, tí òun fi gba ohùn lẹ́nu ẹni tí kò ní ohùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé fún òbí yín, tí ẹ ń túmọ̀ fún wọn níwájú dókítà tàbí olùkọ́, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ sọ, kí ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nítorí ìtìjú. Ìtìjú á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Busaw bá gbàgbé, tó pe àbúrò rẹ̀ láti apá òsì, Meeju kì í yíjú.