Ohun Tó Ń Gbé Inú Rọ́bà Ìtọ̀ Àbúrò Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àbúrò mi ọkùnrin nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ti yọ àpò ìtọ̀ kúrò lẹ́nu rọ́bà tó wà lára rẹ̀, ó ń fi omi ẹ̀rọ ṣan án, orin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà kúkú ni. Purọ́mbà ni, Bàbá Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Prọ́sítéètì rẹ̀, ìyẹn kókó kan tó wà nísàlẹ̀ ilé ìtọ̀ ọkùnrin, ló wú bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, tó sì fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi rọ́bà sí i lójú ara kí ìtọ̀ lè máa ṣàn sínú àpò, títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

"Ṣebí nọ́ọ̀sì ní kí o má máa yọ àpò yẹn lẹ́nu rọ́bà?" ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Páìpù ni páìpù. Ẹ ò rí i pé ìtọ̀ ti rú bí omi ìfọṣọ ni?"

Ó ki ọwọ́ bọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú agolo kékeré kan jáde. Kápsù oògùn apakòkòrò ló wà níbẹ̀: àjẹkù èyí tí dókítà kọ fún un, tí kò lò tán nítorí ara rẹ̀ ti yá, àti èyí tó fúnra rẹ̀ rà ní kẹ́míìsì. Ó ju méjì sẹ́nu, ó fi omi lé e.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sóhun tó ń ṣe mí. Mo kàn ń fọ ọ̀nà ni."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ìtọ̀ bá ti rú, kápsù méjì. Bó bá mọ́, agolo á padà sáàárín irinṣẹ́. Mo sọ ọ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ purọ́mbà ní ìtọ́jú páìpù?

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ kù díẹ̀, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún. Ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé kápsù mì, kò ràn án. Mo pe ọkọ̀, a di ilé ìwòsàn.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, yọ rọ́bà àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó sì gba ìtọ̀ láti ara tuntun fún àyẹ̀wò. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ibà kò lọ.

"Kò sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ báyìí, Màmá," ó ní. "Àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ká gbà á lọ́wọ́ ikú ná."

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, ó mú mi lọ wo àwo pẹlẹbẹ kan tó ní ìdérí. Ohun funfun kan bò ó lójú bí ìrì ṣe ń bo gíláàsì. Bébà róbótó kéékèèké sì wà káàkiri lórí rẹ̀.

"Oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára bébà kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò inú ìtọ̀ Bàbá ni funfun yìí. Ibi tí oògùn bá ti ká a, kò ní lè hù. Ojú àwo á mọ́ yípo. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Kòkòrò hù dé ẹsẹ̀ bébà yìí, ó hù dé ẹsẹ̀ tọ̀hún, ó yí wọn ká bí koríko ṣe ń yí òkúta ká. Bébà kan ṣoṣo ni àyíká rẹ̀ mọ́.

Ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé. Ohun tí ojú lásán kò rí, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lórí, òun ló jókòó ti oògùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọdún gbọọrọ wá, tí kò sì mì! Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, síbẹ̀ n kò lè gbé ojú kúrò. Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá pọ̀ o jàre.

"Ta ló kọ́ wọn?" ni mo bi í.

"Àwa náà ni, Màmá. Bí a bá ń lo oògùn díẹ̀díẹ̀, àwọn aláìlágbára inú wọn ló ń kú. Àwọn olóríkunkun á ṣẹ́kù, wọ́n á bímọ, ọmọ á sì jọ wọ́n. Bó bá pẹ́, olóríkunkun nìkan ló máa kù nílé."

"Ẹyọ kan tó kù yìí ńkọ́?"

"Òun la máa gún fún Bàbá. Bí òun náà bá kọ̀..."

Mo tún wo àyè mímọ́ yẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí àbúrò mi wà.

Ọlọ́run ṣe é, oògùn náà ràn. Ibà rọlẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti padà sípò nígbà tó ní ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù ń jò, kí wọ́n bá òun wá irinṣẹ́.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í. "Bàbá, ẹ mọ ohun yíyọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù àtijọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kẹ́míkà kì í ká a. Orí rẹ̀ ló máa ń gbà kọjá."

"Irú rẹ̀ ni kòkòrò fi ń kọ́lé sínú rọ́bà ìtọ̀. Kápsù yín, orí òrùlé wọn ló ń gbà kọjá."

Àbúrò mi wo rọ́bà, ó wò mí. "Èmi tí mo máa ń bú àwọn oníbàárà tó ń da kẹ́míkà sí páìpù tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀!"

"Ìtọ̀ tó rú ńkọ́?" ni mo bi dókítà.

"Bí kò bá sí ibà tàbí ìrora, ìtọ̀ tó rú tàbí tó ń rùn nìkan kì í ṣe ìdí láti lo apakòkòrò. Kòkòrò kì í wọ́n nínú rọ́bà tó pẹ́ lára. Ìgbà tó bá gbógun ti ara la ń gbógun tì í."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́yìn náà, wọ́n sì yọ rọ́bà kúrò. Ó ń tọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, ó sì ń pariwo rẹ̀ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ẹ̀yin bàbá tí rọ́bà ìtọ̀ wà lára yín, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan rọ́bà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kàn máa yọ àpò lẹ́nu rọ́bà láti fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ, kó má sì kan ilẹ̀. Ẹ lọ pààrọ̀ rọ́bà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ sì máa bi dókítà bóyá ẹ ṣì nílò rẹ̀. Bí ibà, òtútù, ìrora ikùn tàbí ìsọkúsọ bá dé, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣàn mọ́, ilé ìwòsàn ni kíá. Oògùn tí dókítà bá kọ, ẹ lò ó bó ṣe ní kí ẹ lò ó. Ẹ má fi àjẹkù pamọ́, ẹ má sì fún aládùúgbò.

Kòkòrò tó ti gbọ́n kì í dúró lára ẹnì kan, ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Oògùn tí ẹnì kan bá bà jẹ́, ó ti bà á jẹ́ fún gbogbo wa. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù tó gba àbúrò mi là. Ẹ bá wa ṣọ́ ọ, nítorí a kò mọ ilé tí wọn yóò ti nílò rẹ̀ lọ́la.