Ìyá Ìyàwó Orí Àga

Télọ̀ ń dúró kí káfíńtà sá. Gbogbo ọkùnrin tó ti wọ yàrá yìí ló sá, ẹnìkan tilẹ̀ gba ojú fèrèsé lọ.

Àga tí káfíńtà wá tún ṣe ń mì síwá sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó jókòó sí i.

"Màmá mi ni," télọ̀ wí, kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Wọ́n ti kú, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sá, ilẹ̀kùn nìyẹn."

Káfíńtà wo ilẹ̀kùn. Ó wo télọ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga.

"Ẹ kú ìjókòó, Mà. Ẹsẹ̀ àga yín ti ń yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀ kí n bá yín kàn án."

Àga dúró jẹ́ẹ́. Ọkàn télọ̀ náà dúró. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, káfíńtà kò kọ òkú orí àga, ìyá rẹ̀ ló fárígá. "Kí ọmọbìnrin yẹn lé òkú yẹn jáde ká tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

"Ìfẹ́ mi, kí la fẹ́ ṣe?" káfíńtà béèrè.

"Mo fẹ́ràn rẹ dénú. Ṣùgbọ́n màmá mi ló fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mi ò ní torí ọkọ lé wọn." Ó ń sunkún, àmọ́ kò tẹrí ba.

Ni ìyá káfíńtà bá fúnra rẹ̀ wá lé òkú. Ó jókòó, ó dojú kọ àga.

"Ìwọ yìí, o mọ irú ọmọ tí mo bí? Ilẹ̀kùn wo ló wà ní abúlé yìí tí kì í ṣe ọmọ mi ló kàn án?"

Àga fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, gbì. Aṣọ kan já bọ́ láti orí ìkọ́ sórí itan ìyá káfíńtà. Ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Ó dáa, ọmọ tìẹ náà mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ ti tèmi ná."

Bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ yangàn síra wọn nìyẹn títí oòrùn fi rọ̀. Télọ̀ ń yọjú wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí.

"Ìyàwó mi," ìyá káfíńtà pè é. Télọ̀ rò pé ẹlòmíì ni. "Látọjọ́ tí bàbá ọkọ rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́rọ̀ mi tán. Ẹ lọ máa gbé ilé tí ọmọ mi kọ́. Èmi ń kó bọ̀ síbí."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àlejò kan fẹ́ jókòó sórí àga náà. Ìyá káfíńtà gbá a lọ́wọ́.

"O ò lójú ni? Àna mi ló wà níbẹ̀."

Télọ̀ di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó yan gba àárín èrò kọjá, ó sì kúnlẹ̀ fáwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì.