Ẹ̀yìn Tiyamike

"O tún ń wá ẹni tó máa bá ẹ gbé èèyàn? Àbí ẹyin ni wọ́n fi ṣe egungun ẹ ni?" Lusungu bú sẹ́rìn-ín, ó gbé póò, ó ń lọ. "Èmi nìkan ni mo gbé Màmá Nasibeko lánàá o!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tiyamike lára. Oṣù kẹta rèé tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Balaka, ní Màláwì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Sístà Nachuma, ọ̀gá wọn, ti kìlọ̀ pé ẹnì kan kì í dá aláìsàn gbé: ó kéré tán, ẹni méjì, pẹ̀lú aṣọ gígùn tí wọ́n fi ń gbé wọn. Aṣọ náà rèé lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án, Màmá Nasibeko, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ ro nsima, òkèlè àgbàdo wọn, níbi ìdáná tó wà lẹ́yìn ọgbà. Likagwa, ọkọ ọmọ rẹ̀, nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ wọn mú," ni Tiyamike wí.

Likagwa sún sẹ́yìn. "Háà, nọ́ọ̀sì! Àna mi ni wọ́n! Èèwọ̀ ni, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Jẹ́ n lọ pe àwọn obìnrin wá."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Màá ṣe é."

"Má kánjú, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ìtọ̀ lásán ni, kò jóni."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Lusungu ṣì ń dún létí Tiyamike. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá náà, ó tẹ̀, ó gbé e.

Nǹkan dún ní eegun ẹ̀yìn Tiyamike. Ìrora sáré dé gìgísẹ̀. Kò lè nàró, kò sì lè sọ ìyá náà sílẹ̀, torí ìdajì ara Màmá ti yọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ gbà mí!"

Likagwa na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún nà án, ó tún fà á padà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbà wá o!" ló ń ké gba ojú fèrèsé. Màmá Nasibeko dì mọ́ ọrùn ọmọbìnrin náà, ó ń gbàdúrà sí i létí: "Olúwa, má jẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ìgbà tí àwọn obìnrin fi sáré dé, Tiyamike ṣì di Màmá mú. Wọ́n fa aṣọ náà yọ lórí ìkọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ Màmá, wọ́n sì gbé e sókè wẹ́rẹ́ bí ọmọ tuntun.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, aṣọ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń yí Tiyamike lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ò lè sọ bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ gbé mi?" ló bi Lusungu.

"Mẹ́rin." Lusungu bú sẹ́kún. "Ẹ̀yìn tèmi náà ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo dá Màmá gbé. Ojú ló ń tì mí."

"Lọ sọ fún Sístà lónìí. Jọ̀ọ́, lónìí."

Lusungu nu ojú, ó lọ. Tiyamike fẹ́ yíjú wò ó bó ṣe ń lọ, kò lè yí ara. Ó wo òrùlé. Kì í ṣe ọ̀lẹ lẹni tó pe èèyàn kó tó gbé aláìsàn. Ó ti mọ̀ ọ́n wàyí, ẹ̀yìn tó yẹ kó fi lo ìmọ̀ náà ni kò sí mọ́.