Ìyàwó Tí Maeng Chun-sik Kò Fẹ́

"Bàbá rẹ níyàwó. Ìyàwó rẹ̀ ti wá kọ orúkọ sílẹ̀ láti gba owó náà."

Ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì sọ fún Maeng Da-on nìyẹn, lọ́jọ́ kẹwàá tí wọ́n sun òkú bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò mọ ojú ìyá tó bí i. Chun-sik, bàbá rẹ̀, ṣe iṣẹ́ wẹ́dà lára ọkọ̀ àwọn apẹja ní èbúté Mukho títí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi dá a dúró. Oṣooṣù nìjọba ń yọ lára owó iṣẹ́ rẹ̀, pé bó bá kú, àwọn yóò máa fi tọ́jú ẹni tó bá fi sílẹ̀. Òfin ní ìyàwó ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ìgbà tí kò bá sí ìyàwó ló kan ọmọ.

Ìyàwó wo? Da-on ò rí obìnrin kankan nílé wọn rí. Àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ tààrà, ó sì gbé ìwé tí akọ̀wé fún un síwájú Ìnsípẹ́kítọ̀ Tak Gyeong-ran.

Gyeong-ran kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Chun-sik kú ni wọ́n forúkọ ìgbéyàwó náà sílẹ̀, nígbà tó wà lórí ibùsùn ọsibítù. Ẹnì kan sì lè dá lọ forúkọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, bó bá ti mú káàdì ìdánimọ̀ ẹnì kejì dání, àti òǹtẹ̀ tó fi ń fọwọ́ sí ìwé. Ìyàwó náà ni Bang Jeom-sun, obìnrin tí wọ́n ń sanwó fún láti máa tọ́jú Chun-sik ní ọsibítù. Ẹni tó jẹ́rìí sí i ni Maeng Chun-gil, àbúrò Chun-sik, ọmọ ìyá kan náà.

"Ọ̀gá," Sájẹ́ńtì Yeo sọ jẹ́jẹ́, "ilé-ìwé lọmọ yìí ń sùn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ṣé ó lè mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ń mú wọlé?"

Ìbéèrè náà dun Gyeong-ran, torí ohun tí adájọ́ máa bèèrè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àgbà méjì rèé, ti ọmọ kan rèé. Ó yíjú sí Da-on.

"Ìgbà wo lẹ jọ jẹun nílé gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ ìbí wọn ni, mà. Ọjọ́ kejì ọdún ìkórè Chuseok. Mo se ọbẹ̀ ewéko òkun fún wọn. Iyọ̀ ti pọ̀ jù, síbẹ̀ wọ́n lá abọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọsibítù dá wọn dúró."

"Ta ló tún bá yín jẹ ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Bàbá Kékeré kì í wá, wọ́n kàn máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi ni."

"Fóònù bàbá rẹ dà?"

Da-on yọ ọ́ látinú báàgì ilé-ìwé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Gyeong-ran bá Jeom-sun níbi tó ti ń jẹ núdù lẹ́yìn ọsibítù. Bó ṣe rí ọlọ́pàá ló bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú tí kò sí omi nínú rẹ̀.

"Ọdún méjì la ti jọ ń gbé, mà. Ojú ló ń tì í láti sọ fún ọmọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ máa ń se ọbẹ̀ ewéko òkun fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀?"

"Ìyàwó wo ni ò ní sè é? Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì! Òjò dídì bo gbogbo ìta lọ́dún tó kọjá. Èmi, òun àti àbúrò rẹ̀ la jọ jẹ ẹ́."

Gyeong-ran dúpẹ́, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù tí Chun-gil ti ń ta ẹja gbígbẹ lọ. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ dìde fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ lẹ bá ẹ̀gbọ́n yín jẹ ọbẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá?"

"Mo jẹ ẹ́ dáadáa! Kejìlá oṣù kejì, òjò dídì ń bọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ ọbẹ̀ sè." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ má fọmọdé yẹn ṣe. Bàbá rẹ̀ ò tíì tutù tán tó ti ń sáré owó kiri. Ṣé ọmọ nìyẹn?"

Gyeong-ran kọ ọjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀, ó sì jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo wọn sí àgọ́. Da-on jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Chun-gil àti Jeom-sun jókòó níwájú tábìlì.

"Kejìlá oṣù kejì ló wà lára káàdì Chun-sik," Gyeong-ran bẹ̀rẹ̀. "Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ráyè wá sílùú wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, nígbà tó ti lé lóṣù mẹ́rin. Bàbá tèmi náà, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tiẹ̀ rí. Òṣùpá tí wọ́n fi ń ka Chuseok ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ìbí wọn, wọn kì í ka ti káàdì. Ọjọ́ kejì Chuseok ni wọ́n bí Chun-sik. Jeom-sun, ẹni tó bá gbé nílé rẹ̀ fún ọdún méjì á mọ̀ ọ́n. Ara káàdì lẹ ti kà á."

Jeom-sun tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ìyẹn jẹ́ àlejò." Gyeong-ran yíjú sí Chun-gil, gbogbo "ẹ̀yin" sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ìyá kan ló bí yín! Wo fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ. 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ ìbí.' Ọdún mẹ́rin léra, ìwọ lo fi í ránṣẹ́, ọjọ́ kejì Chuseok sì ni gbogbo ẹ̀. O mọ ọjọ́ náà dáadáa. Ohun tó máa bá káàdì mu ní ọ́fíìsì lo kọ́ obìnrin yìí, ìwọ náà wá ń pa irọ́ kan náà fún mi. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló purọ́, a ò ní bá irọ́ náà lẹ́nu rẹ."

"Òun ló mú òǹtẹ̀ àti káàdì wá!" Jeom-sun pariwo. "Ó ní ká pín in sí méjì! Chun-sik ò mọ ara rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn!"

Gyeong-ran lu tábìlì níwájú Chun-gil.

"Ká ní o mú ọmọ yìí sílé ni, ìwọ nilé-ẹjọ́ ì bá fi ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ lowó náà ì bá máa gbà kọjá. Yàrá kan àti abọ́ ìrẹsì ló máa ná ọ. O wá rí i pé ó rọrùn láti gbéyàwó fún ẹni tó ń kú lọ ju kó o bu ìrẹsì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ìwà burúkú gbáà!"

Chun-gil sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú Da-on.

"Da-on, ẹbí ni wá. Bá mi kọ ìwé sí adájọ́ pé o ti dárí jì mí. Bí ẹbí bá ti kọ ọ́, ìyà á fúyẹ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Gyeong-ran mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ó sì kórìíra òfin náà. Ó ní: "Da-on, ọwọ́ rẹ ló wà. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú ọ."

Da-on yíjú sí ọkùnrin náà.

"Bàbá Kékeré, ẹ mà mọ òfin. Ìyàwó ló kọ́kọ́ ń gbà á, kó tó kan ọmọ. Ẹ ní kí ìyàwó bàbá mi kọ ọ́ fún yín."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bi Gyeong-ran bóyá ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ti ṣí.